Bí A Ṣe Ń Pààrọ̀ Ẹ́ńjìnnì Dísẹ̀lì Tó Ti Gbó Nínú Ọkọ̀ Ojú Omi Onígbòkun

Ọkọ̀ onígbòkun lè rin ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko láìfọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ bá dá ní ẹnu èbúté, tí omi sì ń gbé ọkọ̀ lọ síhà àpáta, ẹ́ńjìnnì nìkan ni ó kù tí a lè sá di. Bí ó bá jẹ́ ẹ́ńjìnnì tí a ní láti bẹ̀ kí ó tó jí, tí ó sì ń kú nígbà tí ó bá wù ú, kò ní pẹ́ tí ẹni tó ni ọkọ̀ yóò fi máa ronú àtiyọ ọ́ kúrò. Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn jálẹ̀ iṣẹ́ náà ni pé ẹ́ńjìnnì tuntun fúnra rẹ̀ ni ó rọrùn jù nínú gbogbo rẹ̀, nítorí owó ni a fi ń rà á. Táńkì epo, ọ̀nà èéfín, ṣáàfùtì (ọ̀pá irin tí ẹ́ńjìnnì ń yí), pùròpẹ́là (abẹ tí ọ̀pá náà ń yí nínú omi láti ti ọkọ̀ lọ) àti pèpéle tí ẹ́ńjìnnì yóò jókòó lé ni yóò pinnu bóyá yóò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé.

Ṣé ẹ́ńjìnnì ni ó jẹ̀bi?

Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì ni wọ́n ti yọ dànù láìjẹ́ pé ohunkóhun ṣe wọ́n. Bí ìdọ̀tí inú táńkì bá ni ó ń pa ti àtijọ́, tí a wá lọ ra tuntun, a fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ a ń pa làpálàpá. Nítorí náà, ẹ fara balẹ̀ wo bí ó ṣe ń kú. Bí ó bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa nínú èbúté ṣùgbọ́n tí ó ń kú nígbà tí ìgbì bá ń bi ọkọ̀ síwá sẹ́yìn, tí ohùn rẹ̀ sì ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kí ó tó dákẹ́, epo ni kò rí mu: ìgbì ti ru gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ táńkì sókè, ó sì ti dí ẹnu páìpù. Níbi tí omi àti dísẹ̀lì bá ti pàdé nínú táńkì ni àwọn kòkòrò àìfojúrí kan ti máa ń hù, wọn a sì di ohun dúdú tí ń yọ̀ bí ikun, èyí tí ó lè dí fílítà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Ọ̀nà kan wà láti mọ òtítọ́ láìná owó púpọ̀. Ẹ bu dísẹ̀lì tí ó mọ́ sínú kéègì, ẹ so kéègì náà mọ́ ibi tí ó ga ju ẹ́ńjìnnì lọ dáadáa, ẹ fi rọ́bà fa epo láti inú rẹ̀ lọ tààrà sí ẹnu pọ́ǹpù epo ẹ́ńjìnnì, kí ẹ sì da rọ́bà tí ń dá epo tó ṣẹ́ kù padà sínú kéègì kan náà. Ẹ wá fi okùn so ọkọ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa, kí ẹ kó ẹ́ńjìnnì sí jíà, kí ó sì ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan. Bí kò bá kú, ẹ́ńjìnnì yín kò jẹ̀bi. Ẹ lọ fọ táńkì.

Bí ó bá jẹ́ pé ó ń gbóná jù, abẹ̀bẹ̀ rọ́bà inú pọ́ǹpù omi ni ẹ óò kọ́kọ́ yẹ̀ wò, lẹ́yìn náà, kọ́nà irin tí omi ti ń dà pọ̀ mọ́ èéfín lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì. Ẹ tú kọ́nà yìí, kí ẹ fi iná tọ́ọ̀ṣì wo inú rẹ̀. Mo ti rí ọ̀kan tí ihò rẹ̀, tí ó yẹ kí àtàǹpàkò méjì wọ̀ papọ̀, kò gbà ju pẹ́ńsù lọ mọ́, nítorí pé èédú àti iyọ̀ ti gbá pọ̀ mọ́ ọn lára bí òkúta. Kò sí ẹ́ńjìnnì tí ó lè mí bí a bá fún un lọ́rùn báyẹn.

Èéfín náà ní ohun tí ó ń sọ. Èéfín dúdú túmọ̀ sí pé epo pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ tàbí pé ẹrù wúwo jù fún ẹ́ńjìnnì. Èéfín funfun lè jẹ́ epo tí kò jó, ó sì lè jẹ́ omi tí ó di oru. Èéfín aláwọ̀ aró ni ti ọ́ílì tí ń jó nínú sìlíńdà. Lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì wọn ìfúnpọ̀ afẹ́fẹ́ inú sìlíńdà kọ̀ọ̀kan. Bí ìwọ̀n wọn bá lọ sílẹ̀, tí wọn kò sì bá ara wọn dọ́gba, tí ó sì tún jẹ́ pé ilé iṣẹ́ tí ó ṣe ẹ́ńjìnnì náà kò rọ àwọn ẹ̀yà rẹ̀ mọ́, a jẹ́ pé àkókò ti tó. Títún un ṣe látòkèdélẹ̀ ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n mo rò pé kì í sábà tọ́ sí wàhálà rẹ̀ nígbà tí pọ́ǹpù kan ṣoṣo bá lè gba oṣù mẹ́fà kí a tó rí i rà.

Agbára tí ó tó

Ọkọ̀ onígbòkun tí ara rẹ̀ ń la inú omi kọjá ní eré tí kò lè kọjá, bí ó ti wù kí agbára ẹ́ńjìnnì pọ̀ tó. Ẹ wọn gígùn ọkọ̀ ní ojú omi ní mítà, kí ẹ wá gbòǹgbò onílọ́po-méjì rẹ̀ (nọ́ńbà tí a bá fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀ tí yóò fún wa ní gígùn náà), kí ẹ sì fi 4.5 sọ ọ́ di púpọ̀. Ohun tí ẹ bá rí ni eré rẹ̀ ní kílómítà ní wákàtí kan. Ọkọ̀ tí ó gùn ní mítà 9 lójú omi kò ní fi bẹ́ẹ̀ kọjá kílómítà 13.5. Agbára tí a bá tún fi kún un lẹ́yìn ìyẹn, ìgbì lásán ni ó ń dá sẹ́yìn ọkọ̀.

Ìwọ̀n tí àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí sábà máa ń lò ni nǹkan bí kílówáàtì 3 fún tọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan tí ọkọ̀ wọ̀n pẹ̀lú ẹrù inú rẹ̀. Ọkọ̀ tọ́ọ̀nù 6 yóò fẹ́ bíi kílówáàtì 18. Ẹ má ṣe rò pé èyí tí ó tóbi ní ìlọ́po méjì ni yóò dára jù. Ẹ́ńjìnnì dísẹ̀lì kò fẹ́ iṣẹ́ fẹ́rẹ́fẹ́: bí ó bá ń fi ìgbà gbogbo ṣiṣẹ́ láìrí ẹrù gbé, ògiri inú sìlíńdà rẹ̀ á máa dán bíi dígí, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í mu ọ́ílì.

Wíwọn, tí kò gbọdọ̀ ní ìkánjú

Ẹ gba àwòrán ìwọ̀n ẹ́ńjìnnì tuntun lọ́wọ́ ẹni tí yóò tà á kí ẹ tó san owó kankan. Nínú àwòrán náà, ìlà àárín ṣáàfùtì ni ẹ óò fi ṣe òpó, nítorí pé ihò tí ṣáàfùtì gbà jáde lára ọkọ̀ kò ní yí padà nítorí ẹ́ńjìnnì kankan. Láti ìlà yìí ni ẹ óò ti wọn bí ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì ṣe ga tàbí ṣe rẹlẹ̀ sí, bí bóòtù ẹsẹ̀ òsì ṣe jìnnà sí ti ọ̀tún, bí ìsàlẹ̀ àwo ọ́ílì ṣe jìn tó, àti bí ojú kọ́pùlíǹgì (àwo irin tí a fi ń so gíábọ́ọ̀sì mọ́ ṣáàfùtì) lẹ́yìn gíábọ́ọ̀sì ṣe jìnnà sí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Ẹ wá wọn àwọn nǹkan wọ̀nyí kan náà nínú ọkọ̀. Ibi tí àwọn ìwọ̀n méjèèjì kò bá ti bára mu ni iṣẹ́ yín wà.

Bí ẹ bá lè ṣe é, ẹ fi páàkó àti páálí kan àwòṣe ẹ́ńjìnnì náà ní ìwọ̀n rẹ̀ gan-an, kí ẹ sì gbé e sí ààyè rẹ̀ lẹ́yìn tí ti àtijọ́ bá ti jáde. Ó lè dà bí eré ọmọdé, àmọ́ páálí ni yóò sọ fún yín pé àtẹ̀gùn kò ní lè padà sí ààyè rẹ̀, tàbí pé ọwọ́ yín kò ní lè dé ibi tí a ti ń yọ abẹ̀bẹ̀ rọ́bà inú pọ́ǹpù omi. Ohun tí ọwọ́ kò bá lè dé, a kì í tọ́jú rẹ̀. Ẹ rí i dájú pé ẹ lè dé ibi tí a ti ń wọn ọ́ílì, fílítà méjèèjì, pọ́ǹpù omi àti bẹ́líìtì láìtú ohunkóhun mìíràn.

Gíábọ́ọ̀sì àti pùròpẹ́là

Níhìn-ín ni owó ti máa ń ṣègbé jù. Ẹ́ńjìnnì àtijọ́ sábà máa ń yí jẹ́ẹ́. Tuntun máa ń yí kíákíá. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ti àtijọ́ ń yí ní ìgbà 2,000 ní ìṣẹ́jú kan, tí gíábọ́ọ̀sì rẹ̀ sì ń dín in kù sí ìdajì: pùròpẹ́là ń yí ní ìgbà 1,000. Bí tuntun bá ń yí ní ìgbà 3,600, tí a tún fi gíábọ́ọ̀sì tó ń dín in kù sí ìdajì sí i, pùròpẹ́là yóò fẹ́ yí ní ìgbà 1,800, bẹ́ẹ̀ pùròpẹ́là ńlá ti tẹ́lẹ̀ kò lè yí bẹ́ẹ̀ nínú omi. Ẹ́ńjìnnì yóò kàn máa tiraka, yóò máa tú èéfín dúdú, kò sì ní dé ìwọ̀n yíyí rẹ̀ láéláé. Gíábọ́ọ̀sì tí ń fi 2.6 pín in yóò sọ 3,600 yẹn di nǹkan bí 1,385, èyí tí ó sàn jù, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kí pùròpẹ́là ṣì ní láti yí padà.

Ẹ tún wo ìhà tí ó ń yí sí. Bí gíábọ́ọ̀sì tuntun bá ń yí ṣáàfùtì sí ọ̀tún nígbà tí ti àtijọ́ ń yí i sí òsì, pùròpẹ́là yín yóò máa fa ọkọ̀ sẹ́yìn nígbà tí ẹ bá ní kí ó lọ síwájú, àfi kí ẹ ra òmíràn. Ẹ fún ẹni tí ń ṣe pùròpẹ́là ní gígùn ọkọ̀ lójú omi, ìwúwo rẹ̀, agbára ẹ́ńjìnnì, ìwọ̀n yíyí rẹ̀, ìpín gíábọ́ọ̀sì àti àyè tí ó wà lábẹ́ ọkọ̀. Kí ó bá yín ṣírò rẹ̀. Àyè tí ó wà láàárín orí abẹ pùròpẹ́là àti ara ọkọ̀ kò gbọdọ̀ dín sí ìdá kan nínú mẹ́wàá fífẹ̀ pùròpẹ́là náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, gbogbo ọkọ̀ ni yóò máa gbọ̀n.

Yíyọ ti àtijọ́

Ó sàn kí ọkọ̀ wà lórí ilẹ̀, nítorí pé àkókò yìí gan-an ni ó yẹ láti fa ṣáàfùtì yọ, kí a sì pààrọ̀ bùṣì rọ́bà tí ó ń yí nínú rẹ̀ àti ohun tí ń dí omi níbi tí ó ti wọlé.

Ẹ kọ́kọ́ yọ okùn bátìrì. Ẹ ti fáàfù omi òkun àti ti epo. Ẹ fa ọ́ílì ẹ́ńjìnnì àti ti gíábọ́ọ̀sì jáde sínú kéègì, kí ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹ̀kán kan kán sínú omi. Ẹ ya àwòrán gbogbo ìhà ẹ́ńjìnnì, kí ẹ tó fi ọwọ́ kan wáyà kan ṣoṣo; lẹ́yìn náà, bí ẹ ti ń yọ wáyà kọ̀ọ̀kan, ẹ lẹ téèpù mọ́ ọn, kí ẹ sì kọ ibi tí ó ti wá sí i lára. Ẹ tú àwọn rọ́bà omi, ti epo, ti èéfín, okùn jíà àti ti tọ́rọ́tù (èyí tí a fi ń mú eré ẹ́ńjìnnì pọ̀ tàbí dín kù), lẹ́yìn náà kọ́pùlíǹgì. Bóòtù kọ́pùlíǹgì sábà máa ń ti dípẹtà. Ẹ fi epo tí ń tú ìpẹtà sí i ní ọjọ́ tí ó ṣáájú, kí ẹ má ṣe fi ìbínú lù ú, nítorí òòlù tí ẹ bá fi lu ṣáàfùtì, gíábọ́ọ̀sì ni yóò jẹ ẹ́.

Ẹ tẹ́ aṣọ kan sí ìsàlẹ̀ ikùn ọkọ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Nọ́ọ̀tì tí ó bá bọ́ lọ́wọ́ níbẹ̀ máa ń dún ní ẹ̀ẹ̀mẹta, tin, tin, tin, ìgbà kẹrin ni a ó gbọ́ pé ó bọ́ sínú omi dúdú, ìdajì ọjọ́ sì lè lọ sórí wíwá a.

Fún gbígbé e jáde, ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń so ṣéènì bùlọ́ọ̀kù mọ́ igi ìdábùú ìgbòkun tí ó wà lókè ẹnu ọ̀nà yàrá. Ó ṣeé ṣe, bí ẹ bá fi okùn tí ń fa ìgbòkun ńlá sókè so igi náà ró ní ibi tí ẹrù ti so mọ́ ọn gan-an, kí ó má baà jẹ́ pé igi náà ni yóò dá gbé ẹrù. Bí ẹ́ńjìnnì bá wọ̀n ju kílò 150 lọ, ẹ háyà kírénì. Ẹ yọ gíábọ́ọ̀sì, ọ́tánétà àti sítátà kúrò lára rẹ̀ kí ó lè fúyẹ́. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wà lábẹ́ rẹ̀, ìka ọwọ́ pàápàá kò gbọdọ̀ wà lábẹ́ rẹ̀.

Ìgbà tí ihò ṣófo

Ẹ kò tún ní rí irú àyè yìí mọ́ fún ogún ọdún. Ẹ fi ọṣẹ fọ gbogbo rẹ̀ títí òórùn dísẹ̀lì yóò fi lọ, kí ẹ sì kùn ún ní ọ̀dà funfun, kí ẹ lè tètè rí ẹ̀kán ọ́ílì tàbí omi tí ó bá ń jò. Ẹ fọ táńkì tàbí kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀, kí ẹ sì dá ihò tí ó tóbi tó kí ọwọ́ wọ̀ sí orí rẹ̀ bí kò bá ní. Ẹ fi fílítà tí ń ya omi kúrò lára epo sí àárín táńkì àti ẹ́ńjìnnì, níbi tí ẹ ti lè rí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ pààrọ̀ gbogbo rọ́bà epo sí irú èyí tí iná kò tètè jó.

Ẹ fi ọ̀bẹ fá ara fáàfù omi òkun àti ẹnu páìpù rẹ̀ díẹ̀. Bí irin náà bá yọ àwọ̀ pupa fẹ́rẹ́fẹ́ dípò àwọ̀ ìyeyè, iyọ̀ ti jẹ ohun tí ó mú un le kúrò nínú rẹ̀, ó sì lè dá mọ́ yín lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan. Ẹ yọ ọ́.

Bí pèpéle ẹ́ńjìnnì bá rẹlẹ̀ jù tàbí tí kò bá fẹ̀ tó, ẹ fá ọ̀dà ojú rẹ̀ títí yóò fi kan fáíbà gan-an, kí ẹ tó fi gọ́ọ̀mù ẹ́pọ́sì lẹ òmíràn mọ́ ọn. Irin pẹlẹbẹ tí ó nípọn ni kí bóòtù wọ̀, kì í ṣe igi lásán.

Ọ̀nà èéfín

Ẹ́ńjìnnì tuntun lè fẹ́ páìpù èéfín tí ó fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìwé rẹ̀ yóò sọ iye rẹ̀. Ẹ má ṣe fi èyí tí ó há sí i nítorí pé ó ti wà níbẹ̀. Omi tí ó bá ti mú ẹ́ńjìnnì tutù ni ó ń dà sínú èéfín, tí méjèèjì ń bọ́ sínú ìkòkò tí ń gba omi, tí èéfín sì ń tì í gba rọ́bà tó gòkè jáde lẹ́yìn ọkọ̀. Ìkòkò yìí gbọdọ̀ wà nísàlẹ̀ ju ẹ́ńjìnnì lọ, kí ó sì tóbi tó láti gba gbogbo omi tí yóò sàn padà láti inú rọ́bà nígbà tí ẹ bá pa ẹ́ńjìnnì.

Bí ibi tí omi ti ń wọ inú èéfín bá wà nísàlẹ̀ ojú omi, tàbí tí kò ga jù ú lọ ju sẹ̀ǹtímítà 15, òkun lè máa fa ara rẹ̀ wọlé lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì bá ti dákẹ́, títí omi yóò fi kún sìlíńdà. Rọ́bà tí a tẹ̀ gòkè, tí ó ní fáàfù afẹ́fẹ́ lórí, ni ó ń dènà èyí. Ẹ gbé e sókè sí àárín ọkọ̀, kí ó lè ga ju ojú omi lọ nígbà tí ọkọ̀ bá fẹ̀gbẹ́ sí ìhà èyíkéyìí.

Gbígbé tuntun wọlé àti títò ó ní ìlà

Ẹ gbé ẹ́ńjìnnì lé orí síìtì rọ́bà (ẹsẹ̀ rọ́bà tí ó ń jókòó lé) tirẹ̀, kì í ṣe ti àtijọ́, nítorí ìwúwo ni a fi ń yan rọ́bà náà. Ẹ tò ó díẹ̀ lórí ilẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe so kọ́pùlíǹgì pọ̀ pátápátá. Ara ọkọ̀ máa ń yí padà nígbà tí ó bá wọ omi, okùn òpó ìgbòkun sì ń fà á. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ wà nínú omi fún ọjọ́ méjì ó kéré tán, kí òpó rẹ̀ wà ní ìdúró, kí rọ́bà síìtì sì ti jókòó lábẹ́ ìwúwo ẹ́ńjìnnì.

Lẹ́yìn èyí, ẹ tì ṣáàfùtì síwájú títí ojú kọ́pùlíǹgì méjèèjì yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra wọn. Ṣáàfùtì tí kò sí ohun tó gbé e ró máa ń tẹ̀ sílẹ̀ nítorí ìwúwo rẹ̀; ẹ fi igi tín-ín-rín gbé e sí àárín. Ẹ fi ìka yí etí méjèèjì ká: kò gbọdọ̀ sí àtẹ̀gùn kankan láàárín wọn. Ẹ wá fi abẹ géèjì pẹlẹbẹ wọn àlàfo òkè, ìsàlẹ̀, òsì àti ọ̀tún. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín èyí tí ó fẹ̀ jù àti èyí tí ó há jù kò gbọdọ̀ ju mílímítà 0.1 lọ fún kọ́pùlíǹgì tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mílímítà 100. Bí òkè bá ya ju ìsàlẹ̀ lọ, ẹ gbé iwájú ẹ́ńjìnnì sókè díẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ìsàlẹ̀ ni ó ya, ẹ sọ iwájú kalẹ̀. Ìdá mẹ́rin yíyí nọ́ọ̀tì kan lè pọ̀ jù. Ẹ yí ṣáàfùtì díẹ̀, kí ẹ tún wọ̀n. Ẹ dè é, kí ẹ tún wọ̀n, nítorí dídè nọ́ọ̀tì máa ń sún un. Ó lè gba odidi ọ̀sán kan. Mẹkáníìkì kan tí ó fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ṣe é fún mi nígbà kan ni ó jẹ́ kí n ra èdìdì ṣáàfùtì tuntun ní ìgbà méjì lọ́dún kan.

Ní ti iná mànàmáná, ẹ fún sítátà ní bátìrì tirẹ̀, kí ẹ fi wáyà tí ó nípọn tó sí i, kí ẹ sì má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa súìṣì bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, nítorí ó lè jó ọ́tánétà.

Jíjí i fún ìgbà àkọ́kọ́

Ẹ da ọ́ílì sí ẹ́ńjìnnì àti gíábọ́ọ̀sì, ẹ da omi ìtutù sí i, ẹ fa afẹ́fẹ́ kúrò nínú ọ̀nà epo nípa títú ìdè orí fílítà títí epo yóò fi máa jáde láìsí ìfófòó. Ẹ ṣí fáàfù omi òkun. Bí kò bá tètè jí, ẹ má ṣe máa ta sítátà lọ láìdáwọ́ dúró: pọ́ǹpù ń fa omi wọlé, kò sì tíì sí èéfín tí yóò tì í jáde, ìkòkò á kún, omi á padà sínú ẹ́ńjìnnì. Ẹ ti fáàfù náà títí yóò fi jí, kí ẹ sì ṣí i lójú ẹsẹ̀ tí ó bá jí.

Bí ó bá ti jí, ẹ wo iná ọ́ílì pé ó kú, kí ẹ sì sáré lọ wo ẹ̀yìn ọkọ̀ bóyá omi ń tú jáde. Ẹ fọwọ́ kan gbogbo kílíìpù bóyá ó ń jò.

Nígbà tí ẹ bá gbé ọkọ̀ jáde, tí abẹ́ rẹ̀ mọ́, tí ẹrù rẹ̀ sì wà nínú rẹ̀, ẹ tẹ tọ́rọ́tù dé òpin. Bí ẹ́ńjìnnì tó yẹ kó dé 3,600 bá dúró ní 3,000, pùròpẹ́là ń bu omi jù. Tí a bá dín ìtẹ̀sí abẹ rẹ̀ (ìyẹn bí ó ṣe yẹ kí ó lọ síwájú tó nínú omi bí ó bá yí lẹ́ẹ̀kan) kù ní íǹṣì kan, yíyí ẹ́ńjìnnì yóò gòkè ní nǹkan bí 150 sí 200. Bí ó bá kọjá ìwọ̀n rẹ̀ wẹ́rẹ́, ó ń bu omi kéré jù.

Fún wákàtí 50 àkọ́kọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó máa yí lásán fún ìgbà pípẹ́, ẹ fún un ní ẹrù, kí ẹ sì máa yí eré rẹ̀ padà. Nígbà tí wákàtí náà bá pé, ẹ pààrọ̀ ọ́ílì méjèèjì àti fílítà, ẹ jẹ́ kí a wọn àlàfo fáàfù orí ẹ́ńjìnnì, ẹ dè gbogbo bóòtù síìtì, kí ẹ sì tú kọ́pùlíǹgì wọn ìlà rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ fi gègé tí omi kì í pa kọ ìwọ̀n mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà, ọjọ́ rẹ̀ àti iye wákàtí sí ẹ̀yìn ìdérí ẹ́ńjìnnì, níbi tí ẹni tí yóò tún wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ iwájú ti lè rí i.